Kí Pọ́n-ùn Tó Wọlé, Owó Oṣù Ti Tó San

Ẹni tó bá dàgbà sí agbègbè kòkó mọ ohun tí à ń pè ní aágbàṣe. Ó ní àdá, ó ní agbára, kò ní oko. Olóko ní igi kòkó tó ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n á jọ dúnàá-dúrà lórí iye tí wọ́n máa fi ro ilẹ̀ náà, aágbàṣe á ṣiṣẹ́, á gbowó, á kọjá sí oko ẹlòmíràn. Oko ò di tirẹ̀, òun náà ò sì di ẹrú olóko. Iṣẹ́ àgbàṣe tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àfi pé olóko wà ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aágbàṣe wà ní Bódìjà n'Íbàdàn, igi kòkó sì ti di rísíìtì tí wọ́n fi fóònù yà ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ́fíìsì kan ṣe àpẹẹrẹ. Yàrá méjì ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan n'Íbàdàn, òṣìṣẹ́ mẹ́fà, lápútọ́ọ̀pù mẹ́fà, bátìrì ìnfátà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà wọn jẹ́ oníṣòwò kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ẹni tó ń ṣe páìpù omi, obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù irun méjì. Wọ́n ń ya rísíìtì wọn ránṣẹ́, wọ́n sì ti ṣí àkọsílẹ̀ báńkì wọn sílẹ̀ lórí sọ́fúwíà ìṣírò owó bíi Xero tàbí QuickBooks. Ọmọbìnrin tó jókòó n'Íbàdàn á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. £14.60 tó jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé epo ọkọ̀ ni àbí oúnjẹ ọ̀sán? £312 tó wọlé, ta ló san án, iṣẹ́ wo ló sì san án fún? Èyí tí kò bá yé e, á kọ ìbéèrè ránṣẹ́. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ń ka owó VAT wọn fún ìjọba, oṣù kan àti ọjọ́ méje péré ni wọ́n sì fún wọn lẹ́yìn ìgbà tí oṣù mẹ́ta náà bá pé. Bí ìwé bá pẹ́, ìyà ń bẹ. Gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn, kò sí idán nínú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọ̀dá owó lọ́hùn-ún fi ń di iṣẹ́ níbí? Ẹ mú bírò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ìdá 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé tí báńkì àpapọ̀ wọn fi lélẹ̀, tó wà ní ìdá 0.1 títí di oṣù kejìlá 2021, gòkè títí ó fi di 5.25 ní oṣù kẹjọ 2023. Iye tí òfin ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ àgbà ní wákàtí kan náà kò dúró: £10.42 ní oṣù kẹrin 2023, £11.44 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, £12.21 ní 2025. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀ lọ́sẹ̀ lórí £12.21 á gba £23,809 lọ́dún. Ní oṣù kẹrin 2025 yẹn náà ni ìjọba gbé owó National Insurance tí agbanisíṣẹ́ ń san láti ìdá 13.8 sí 15, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti orí £5,000 dípò £9,100. Lórí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo yìí, nǹkan bí £2,820 nìyẹn lọ́dún.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn o: wọ́n yọ̀ǹda £10,500 àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta kò ní san kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni kẹrin ló máa gbé e kọjá ààlà. Ibẹ̀ gan-an ni aágbàṣe ti ń ráyè wọlé. Oníbúrẹ́dì ò lè ní kí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun máa ṣiṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni kẹrin yẹn, èyí tó fẹ́ gbà láti máa to ìwé, oníbúrẹ́dì á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá dandan ni kí onítọ̀hún jókòó síwájú òun.

Síbẹ̀, ọ̀dá owó yìí kan náà ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aágbàṣe mìíràn. Nígbà tí owó bá há, ohun tí oníṣòwò kọ́kọ́ ń gé ni ìpolówó, àwòrán Instagram, títún ojú wẹ́bùsáìtì ṣe. Ohun tó máa ń gé gbẹ̀yìn ni èyí tí ìjọba ń bi í léèrè. Láti oṣù kẹrin 2022 ni gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT ti gbọ́dọ̀ máa lo sọ́fúwíà láti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Láti oṣù kẹrin 2026, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń dá ṣòwò àti àwọn onílé tí owó tó ń wọlé fún wọn ju £50,000 lọ lọ́dún: ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n máa máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́. Búrẹ́dì lè má tà, ìwé gbọ́dọ̀ lọ. Lójú tèmi, ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù tí aágbàṣe kékeré lè ṣe nìyí, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rò ó: ṣé iṣẹ́ tí oníbàárà fẹ́ ni mò ń ta, àbí iṣẹ́ tí kò lè má ṣe? Mo mọ àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá nídìí àwòrán, tí oníbàárà márùn-ún já wọn sílẹ̀ láàárín oṣù kan. Kò sí ẹni tó bínú sí wọn. Owó ló tán.

Àǹfààní kan tún wà tí a kì í sábà kà sí. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago Ìbàdàn àti ti Leeds kò yàtọ̀ rárá. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré la fi ṣáájú wọn. Manila ní Philippines, níbi tí àwọn náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, fi wákàtí méje tàbí mẹ́jọ ṣáájú. Oníbàárà tó bá pè ní aago mẹ́wàá àárọ̀ á bá ẹni tó ti jẹun, tí ojú rẹ̀ sì dá.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì yìí ti ń kú, torí kì í ṣe àìríṣẹ́ ló ń pa wọ́n. Ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ni wọ́n ń kú.

Ká ní pọ́n-ùn kan jẹ́ ₦2,000. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ₦250,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,500,000 lóṣù. Iná, dátà, owó ilé àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́, ₦500,000. Mílíọ̀nù méjì, ìyẹn £1,000. Oníbàárà mẹ́jọ ló ń san £180 lóṣù, £1,440. Èrè jẹ́ £440. Kò burú fún yàrá méjì. Ní oṣù kejìlá, iléeṣẹ́ aṣírò-owó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kàn sí wọn. Àwọn náà ń dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ £900 lóṣù wá. Inú gbogbo ilé dùn. Iṣẹ́ náà gba èèyàn mẹ́ta sí i. Lápútọ́ọ̀pù mẹ́ta ní ₦600,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,800,000. Oṣù kìíní ni kíkọ́ wọn níṣẹ́, iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì. Wọ́n kọ ìwé owó ránṣẹ́ ní ìparí oṣù kejì, àdéhùn sì ni pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n máa san án. Ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn bọ́ sí ìparí oṣù kẹta. Aṣírò-owó náà ní ẹni tó ń fọwọ́ sí owó kò sí nílé, ó di àárín oṣù kẹrin.

Ẹ kà á. Kí £900 àkọ́kọ́ tó wọlé, owó oṣù mẹ́ta ti jáde fún èèyàn mẹ́ta, ₦2,250,000. Ẹ fi ti lápútọ́ọ̀pù kún un, ₦4,050,000. Ó ju £2,000 lọ, èrè bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀ láti ọwọ́ àwọn oníbàárà àtijọ́. Lórí ìwé, ọ́fíìsì yìí ti dàgbà, owó tó ń wọlé ti fi ohun tó ju ìlàjì lọ pọ̀ sí i. Nínú àpò, kò sí nǹkan kan. Tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ bá tún pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé lákòókò yẹn, tó sì jẹ́ pé àkókò ọ̀dá owó ni wọ́n ń pa ṣọ́ọ̀bù dé, wàhálà ti dé.

Mo ti jẹ nínú iyán yẹn rí. Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra mi, oníbàárà kan wà lọ́hùn-ún tó jẹ wá lówó oṣù méjì. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù ni, mo kọ lẹ́tà sí i lórí íméèlì, ohun tó sì dá mi lóhùn ni ẹ̀rọ: ó ní ọ̀gá wà ní ìsinmi ní Sípéènì, yóò padà lọ́sẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rọra wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu o. Ṣé kí n máa retí álátì lónìí?» Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo jáde lọ síta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo yá owó. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1998 tó ní kí ẹni tó bá pẹ́ san gbèsè òwò fi èlé ìdá 8 lé e lórí èlé báńkì àpapọ̀. Òfin tó dára ni. Ẹ lọ gbà á láti Bódìjà kí ẹ wò ó.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ju òfin lọ ni pé kí owó ṣáájú iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìwé owó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fi í ṣe àṣà: iye kan pàtó lóṣù, tí báńkì ń yọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fáìlì. Direct Debit ni wọ́n ń pè é, kò sì sí oníbàárà níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń san owó iná rẹ̀. Kí aágbàṣe tó lè gbà á, ó máa nílò àkáǹtì níbẹ̀, èyí sì ni ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Companies House. Òfin wọn kò ní kí olùdarí iléeṣẹ́ máa gbé níbẹ̀. Àmọ́ báńkì máa ń fẹ́ rí ẹni tó ní àdírẹ́sì gidi, ibẹ̀ sì ni àbúrò tó wà ní Peckham ti máa ń wúlò. Kí wọ́n kọ ohun tó tọ́ sí àbúrò náà sínú ìwé láti ọjọ́ kìíní. Mo ti rí ẹbí tó tú ká lórí èyí.

Tí oníbàárà ńlá bá kọ̀ láti san ṣáájú, kí wọ́n gba ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà kọ́kọ́, kí wọ́n gba èèyàn kan dípò mẹ́ta. Ó máa ń tini lójú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gbé £900 wá. Mo sì ti rí i pé àwọn aṣírò-owó kì í bínú sí i; iṣẹ́ wọn ni láti mọ ohun tí ọjọ́ ń ṣe fún owó.

Ọ̀rọ̀ náírà ńkọ́? Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà 2023, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di oṣù kejì 2024. Ẹni tó ń gba pọ́n-ùn tó sì ń san náírà sùn, ó jí, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ gbà pé ìṣòwò àwọn ti dàgbà nìyẹn. Irọ́ ni. Oníbàárà kan kò pọ̀ sí i, iṣẹ́ kan kò yá sí i. Ohun tó wá tẹ̀ lé e ni pé jálá epo fò sókè, owó iná fún àwọn tó wà lórí Band A bọ́ láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà sì ju ìdá 34 lọ ní ìparí ọdún yẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦250,000 kò lè ra ìrẹsì tó ń rà tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀ pé pọ́n-ùn ni ọ̀gá òun ń gbà. Ọ̀gá tó kó gbogbo èrè ṣẹ́ńjì sápò pàdánù àwọn tó mọṣẹ́ jù láàárín oṣù mélòó kan. Wọ́n lọ bá ẹni tó ń san dọ́là fún wọn tààrà. Nígbà tí náírà tún gbéra díẹ̀ ní 2025, ó wá rí i pé àwọn tó kù kò mọ iṣẹ́ tó, ṣẹ́ńjì náà kò sì bo àṣìṣe wọn mọ́lẹ̀ mọ́. Àwọn oníbàárà mìíràn sì gbọ́n, wọ́n ń ka ìròyìn: wọ́n ní náírà yín ti já, ẹ dín owó kù fún wa. Ìdáhùn tó wà níbẹ̀ ni pé dísẹ́ẹ̀lì, lápútọ́ọ̀pù, Xero àti ìnfátà, kò sí ọ̀kan tó ń wo ojú náírà.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ bọ́ sínú ọ̀ràn yìí. Ní 1981, ọkùnrin méje dá iléeṣẹ́ sọ́fúwíà Infosys sílẹ̀ ní ìlú Pune, ní Íńdíà, pẹ̀lú rúpì 10,000 tí Sudha Murty, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, N. R. Narayana Murthy, yá wọn. Oníbàárà wọn àkọ́kọ́ wà ní New York. Wọ́n dúró bí ọdún kan kí wọ́n tó rí tẹlifóònù. Ní 1990, ẹnì kan fẹ́ ra iléeṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó ti rẹ àwọn kan nínú wọn, wọ́n ní kí wọ́n tà á. Murthy ní kò burú, kí wọ́n ta ìpín wọn fún òun. Bí wọ́n ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù jókòó sáyè rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Íńdíà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gbèsè tí kò ní lè san. Wọ́n kó wúrà tó lé ní ogójì tọ́ọ̀nù ránṣẹ́ síta láti fi dúró fún owó tí wọ́n yá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sí London, wọ́n sì gé iye rúpì lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù keje 1991, nǹkan bí ìdá 18. Gbogbo ẹni tó ń gba dọ́là ní Íńdíà ló jẹ ẹ̀bùn yẹn lọ́jọ́ kan náà, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn la sì mọ orúkọ wọn lónìí. Ohun tí mo rò pé ó ya Infosys sọ́tọ̀ ṣẹlẹ̀ ní 1995, kò sì jọ èrè lójú ẹni tó bá wò ó lọ́jọ́ yẹn. General Electric ti Amẹ́ríkà ló ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó wọn wá. Ó ní kí wọ́n já owó lulẹ̀. Wọ́n rò ó, wọ́n rí i pé ní iye yẹn àwọn ò ní lè tọ́jú òṣìṣẹ́ tó dáa, wọ́n sì jẹ́ kí oníbàárà ńlá náà lọ. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣọ́ra kí owó wọn má baà rọ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan.

Ẹ padà sí £900 wa. Tí wọ́n bá gbà á, owó tó ń wọlé lóṣù di £2,340, aṣírò-owó kan ṣoṣo sì di ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Ó burú ju ti General Electric lọ, Infosys sì ti ta ìpín rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 1993, ó ní owó tó lè fi dúró. Ọ́fíìsì Bódìjà ní ẹ̀gbọ́n obìnrin.

Nípa iná, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ń ka èyí mọ ìnfátà jù mí lọ. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ni kí n sọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin lábẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ létí Abidjan. Báńkì ò ṣiṣẹ́, àwọn kan ò lè fi lẹ́tà kan ránṣẹ́. Ẹni tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo jókòó, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ní síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tí kì í gba okùn kan náà, tàbí àwo tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ṣiṣẹ́ lọ, ó sì kọ̀wé sí oníbàárà kí oníbàárà tó bi í. Ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì. Oníbàárà tó gbọ́ ìròyìn lọ́wọ́ rẹ kò ní lọ gbọ́ ọ lórí BBC kó tó wá bínú.

Ìwé kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń fò. Orúkọ, àdírẹ́sì àti owó oṣù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àwọn fáìlì yìí, Nàìjíríà kò sì sí lára orílẹ̀-èdè tí òfin wọn gbà kí irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ wọ̀ láìsí àdéhùn. Ìwé àdéhùn náà ń jẹ́ IDTA, láti 2022 ló ti wà. Àwa náà ní òfin ààbò dátà tiwa, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023. Aágbàṣe tó bá mú ìwé tó bá òfin méjèèjì mu wá kí wọ́n tó béèrè ti gba ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí ohun tó ń ba aṣírò-owó lẹ́rù kì í ṣe iye owó. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ìwé oníbàárà rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ tí kò mọ̀. Fún ìdí yìí, kò sí fáìlì lórí fóònù òṣìṣẹ́, kò sí fífi rísíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àní nígbà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá fi í ránṣẹ́ síbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo èyí bá wà nílẹ̀, gbígba ẹni keje kò tún le mọ́. Owó oṣù méjì tirẹ̀ ti wà ní àkáǹtì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Oníbàárà tuntun tó fa gbígbà rẹ̀ á kọ́kọ́ san lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kìíní oṣù. Ọmọkùnrin tó wá fún ìdánwò ní oṣù kẹta á pè ní oṣù kẹrin: «Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò tíì gbàgbé mi?» Ọ̀gá á ní rárá o, álátì kan ló kù, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ló máa wọlé, kó wá lọ́jọ́ kejì, kó sì mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání.